Ta ni ká dá lẹ́bi, olórí ni àbí àwa tá a dìbò?

Ọmọ Jẹ́jẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i o. Tí nǹkan bá dáa, olórí á ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, tó bá bàjẹ́, á ní àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fà á. Ṣé bí àgbàlagbà ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ìyá Ìbejì: Àwa náà la kọ́ wọn jàre 😂 Ẹni tó gbowó kó tó dìbò, kí ló tún fẹ́ bi wọ́n? Ó ti ta ọjà ẹ̀, wọ́n sì ti sanwó.

Arókóyọ̀: Mi ò gbà tán mà. Àwọn kan ṣì máa ń gbà pé àwọn fìdí rẹmi. Jonathan lọ́dún 2015, wọn ò tíì ka èsì tán tó fi pe Buhari lórí fóònù kí i kú oríire. Cameron náà, olórí ìjọba Britain nígbà yẹn, ní 2016, àwọn ará ibẹ̀ dìbò pé àwọn ń kúrò ní European Union, ọjọ́ kejì ló kéde pé òun máa fipò sílẹ̀.

Ọmọ Jẹ́jẹ́: Ti Jonathan yẹn dáa. Ṣùgbọ́n Cameron ṣáà ló pe ìdìbò yẹn fúnra ẹ̀, ó wá fi wàhálà ẹ̀ sílẹ̀ fẹ́lòmíì, ìyẹn ò wọ̀ mí létí.

Sísí Olóòótọ́: Èmi tí mò ń ka gbogbo èyí, oorun ni mo sùn lọ́jọ́ ìdìbò, káàdì wà nínú dúrọ́ọ̀, èmi náà ni mo sì kọ́kọ́ ń bú ìjọba láàárọ̀ kùtù. Ní Australia, dandan ni látọdún 1924, tó ò bá dìbò láìnídìí wàá san fáìnì. Ká ní ibẹ̀ ni mo wà ni, ng bá ti jẹ gbèsè 🙈