Ilẹ̀ ìwakùsà èédú àtijọ́ ní Kentucky: autumn olive àti sericea ti gbà á tán, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Olùṣọ́Òkè béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ilẹ̀ kan wà ní ìkáwọ́ wa ní ìlà oòrùn Kentucky, bí éékà 30, níbi tí wọ́n ti wa èédú lórí òkè. Wọ́n ti tẹ́ ẹ, wọ́n ti gbin koríko sí i, ìjọba sì ti dá owó ìdógò padà fún ilé iṣẹ́ tó wà á. Igbó ló yí i ká. Ìdajì rẹ̀ ti di autumn olive, igi àjèjì kan tó ń hù ní ṣùùrù, tó ga ju èèyàn lọ; sericea lespedeza, ewéko àjèjì tó jọ ẹ̀wà, àti koríko fescue ló gba ìyókù. Bí a bá fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ, kì í wọlẹ̀ ju íǹṣì mẹ́rin lọ kó tó kan òkúta. A fẹ́ kí ẹyẹ àti ẹranko ìbílẹ̀ padà síbẹ̀.

Ṣé kí a kọ́kọ́ gé autumn olive ni, àbí kí a fín in lóògùn? Ṣé iná lè pa sericea? Ṣé igi sì lè dàgbà lórí ilẹ̀ yìí láìtú u?

GbòǹgbòJinlẹ̀ dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè tó kẹ́yìn ṣáájú, torí òun ló ṣe pàtàkì jù. Rárá, ẹ gbọ́dọ̀ tú u.

Lẹ́yìn òfin ìwakùsà orí ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1977, ẹ̀rù kí òkè má ya, kí òjò má wọ́ ilẹ̀ lọ, ló ba gbogbo èèyàn. Wọ́n fi katapílà tẹ ilẹ̀ náà léraléra títí ó fi le bíi títì, wọ́n wá fọ́n irúgbìn tó ń yára bolẹ̀ sí i, fescue àti sericea. Autumn olive pàápàá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín ni, torí pé ó ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ wọ ilẹ̀, ẹyẹ sì ń jẹ èso rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè gbé lórí ilẹ̀ líle, igi óákù kò lè gbé e. Bí ẹ bá pa wọ́n tán tí ilẹ̀ ṣì le, àwọn náà ni yóò tún hù padà.

Láti 2004 tí wọ́n ti dá ARRI (Appalachian Regional Reforestation Initiative) sílẹ̀ láti máa dá igbó padà sórí ilẹ̀ ìwakùsà, ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé kí ilẹ̀ rírọ̀ tí gbòǹgbò máa wọ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ó kéré tán. Lórí irú ilẹ̀ tiyín, katapílà ńlá, irú D8 tàbí D9, ni yóò fi eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ya ilẹ̀. Kí eyín náà wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4, kí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Níbi tó bá tẹ́jú, ẹ tún fà á gba ìbú, ẹ̀bá ibi tí ìlà méjì ti pàdé ni ẹ ó sì gbin igi sí. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìlà kan tó gba ìbú òkè ti tó. Èyí tó bá dojú kọ ìsàlẹ̀ yóò di ojú àgbàrá.

Àárín oṣù Kẹjọ sí Kẹwàá ló dára jù, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ dénú. Bí ilẹ̀ bá tutù, eyín irin á kàn là á kọjá, amọ̀ á dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò ní fọ́, owó katapílà á sì ṣòfò. Kí ẹ̀rọ tó débẹ̀, ẹ pe 811, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Amẹ́ríkà kí a tó gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n wá sàmì sí ibi tí ọ̀pá gáàsì gbà.

Ẹ wo òkúta tí eyín bá hú síta. Òkúta oníyanrìn aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí oòrùn àti òjò ti jẹ, pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tó; 7 ni àárín) sábà máa ń wà láàárín 5 sí 6, igi ìbílẹ̀ sì fẹ́ ẹ. Òkúta aláwọ̀ eérú tó ti ìsàlẹ̀ wá lè ní pH 7 tàbí 8, iyọ̀ sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má náwó óákù síbẹ̀ kí ẹ tó yẹ ilẹ̀ náà wò.

Àmọ́ o, ẹ pa igbó tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ya ilẹ̀. Bí eyín bá fa gbòǹgbò autumn olive tó ṣì wà láàyè ya, yóò rú sáàárín igi tuntun, níbi tí ẹ kò ti ní lè fín oògùn mọ́.

ApaKoríko dáhùn:

Òótọ́ ni GbòǹgbòJinlẹ̀ sọ. Ní ti autumn olive, ẹ má gé e kí ẹ fi kùkùté sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka púpọ̀ ni yóò rú láti ara kùkùté kan, igbó náà á sì ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tó bá tóbi, ẹ gé e ní íǹṣì méjì sókè ilẹ̀. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ẹ fi oògùn apagbó, glyphosate tàbí triclopyr olómi tí a pò ní ìdá 20 nínú 100 kun ojú kùkùté náà. Etí rẹ̀, lábẹ́ èèpo, ni kí ẹ ti kùn ún dáadáa, torí ibẹ̀ ni igi ti wà láàyè. Àárín kùkùté kò nílò rẹ̀. Ẹ fi aró díẹ̀ sínú oògùn kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ti kùn. Ìparí ìgbà ooru títí wọ ìgbà òtútù ló dára. Ní ìgbà ìrúwé, omi igi ń gòkè, ó sì ń ti oògùn jáde.

Èyí tí ìdí rẹ̀ kò tó íǹṣì 6 ní ìbú, ẹ kò ní láti gé e. Ẹ po triclopyr ester, irú triclopyr tó ń pò mọ́ epo, mọ́ epo ní ìdá 20 nínú 100, kí ẹ fín in yí ìdí igi ká láti ilẹ̀ dé íǹṣì 12 sí 15. Èèpo gbọ́dọ̀ gbẹ, yìnyín kò sì gbọ́dọ̀ bò ó. Àwọn kéékèèké, ẹ fi glyphosate tàbí triclopyr ìdá 2 nínú 100 fín ewé wọn ní ìgbà ìwọ́wé: ewé autumn olive ṣì máa ń tutù nígbà tí igi ìbílẹ̀ bá ti wọ́wé, abẹ́ rẹ̀ sì ní àwọ̀ fàdákà, ojú á rí i láti òkèèrè.

Sericea ló le jù, torí èso rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ ju ogún ọdún lọ. Triclopyr ni kí ẹ lò ní oṣù Kẹfà sí Keje, kó tó yọ òdòdó. Kì í pa koríko. Bó bá ti ń yọ òdòdó, metsulfuron, oògùn apagbó mìíràn, ló ń ṣiṣẹ́ jù, ṣùgbọ́n ó lè wà nínú ilẹ̀ kó sì ṣe igi tuntun léṣe, nítorí náà ẹ ka iye àkókò tí wọ́n kọ sára ike kí ẹ tó gbìn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, òfin ni ní Amẹ́ríkà.

ẸyẹOko dáhùn:

Ẹ̀yin méjèèjì ti gbìyànjú, àmọ́ ẹyẹ wo ni wọ́n ń ṣe é fún? Henslow's sparrow, tó ń gbé lórí ilẹ̀ ìwakùsà ní Indiana, pápá gbalasa ló ń fẹ́, kò fẹ́ igi. Éékà 30 tí igbó yí ká kéré fún un. Ní ìhà tiyín, èmi yóò ṣe é fún golden-winged warbler, tó ń pamọ ní gúúsù ìlà oòrùn Kentucky: igi kéékèèké ní ṣùkù ṣùkù, koríko láàárín wọn, igbó ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ má sì fá gbogbo autumn olive lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá mẹ́ta ni kí ẹ pín in sí, ọdún kan, ìdá kan, kí àwọn tó ń sá pamọ́ síbẹ̀ má baà di aláìnílé. Láti oṣù Kẹrin dé Keje, ẹ má gé nǹkan kan, ẹyẹ wà lórí ẹyin.

ApaKoríko dáhùn:

ẸyẹOko, mo gbà pẹ̀lú yín lórí àkókò ìyẹ́yin, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìdá mẹ́ta yẹn bí gbogbo igi tó kù bá ṣì ń so. Ẹyẹ á jẹ ẹ́, á sì yàgbẹ́ èso sórí ilẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo èyí tó ń so, kí ẹ fi òkú igi sílẹ̀ ní ìdúró. Ẹyẹ ṣì lè sá síbẹ̀.

Olùṣọ́Òkè béèrè:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Iná ńkọ́? Irúgbìn wo la sì máa fi rọ́pò wọn?

GbòǹgbòJinlẹ̀ dáhùn:

Iná nìkan kò pa sericea. Ooru rẹ̀ ń la èèpo èso tó sùn, ọ̀pọ̀ á sì hù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá sun ún, kí oògùn wà nílẹ̀ fún ìgbà ooru ọdún yẹn gan-an. Ẹ wá èédú tó hàn síta kí ẹ tó ṣáná, torí ó lè gbaná kó sì máa jó lábẹ́ ilẹ̀. Ní Kentucky, láti February 15 dé April 30, àti October 1 dé December 15, òfin kò gba iná láàárín aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níbi tí kò tó 150 ẹsẹ̀ bàtà sí igbó.

Koríko: little bluestem àti indiangrass, kí ẹ fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́, kó má ju ìdámẹ́rin íǹṣì lọ sínú ilẹ̀. Igi: white oak, chestnut oak, hazelnut, dogwood, plum ìgbẹ́. Black locust ni yóò fún ilẹ̀ ní náítírójìn dípò autumn olive. Kó má ju ìdá 10 nínú 100 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bo àwọn yòókù. Ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sí ara wọn, éékà kan gba igi 680. Bí ti warbler ni ẹ bá ń ṣe, ẹ gbìn wọ́n ní ṣùkù ṣùkù, ẹ fi àárín sílẹ̀ fún koríko.

Ẹ gbìn ín kó tó rúwé, láàárín oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Gbòǹgbò kò gbọ́dọ̀ gbẹ nínú àpò, kò sì gbọ́dọ̀ ká sókè nínú ihò. Ẹ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, torí ilẹ̀ tí eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ya máa ń ní àyè afẹ́fẹ́ lábẹ́. Fescue tó yí ìdí igi ká, ẹ pa á ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yípo. Eku ń sá sábẹ́ rẹ̀ láti jẹ èèpo igi. Bí àgbọ̀nrín bá pọ̀, ẹ fi ike gígùn ẹsẹ̀ bàtà 5 bo óákù. Elk, irú àgbọ̀nrín tó tóbi gan-an, ń wó ike yẹn lulẹ̀, wáyà ni ẹ ó nà yí ibi tí wọ́n bá ń gbà ká.