Ìjàpá tí kò mu omi rí

Ẹ ní kí kálukú wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nídìí ọkọ̀ àtijọ́ tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tèmi nìyí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Volkswagen Ìjàpá ni. Bàbá mi ló rà á ní tuntun, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ẹni tó bá gun Ìjàpá rí á mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kì í sì í mu omi. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Nígbà tí Peugeot àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá bá dẹnu kọlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, tó ń yọ ooru lágbárí, Bàbá á rọra wa tiwọn kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi kiri, ṣé odò lẹ̀ ń lọ ni?"

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn kú pátápátá, mo ra ti Golf 3 tókunbọ̀, 1.8, ní Gate n'Ìbàdàn. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ dá irú àrà yìí o. Àwọn ará Brazil, tó ń pe Ìjàpá ní Fusca, ti ń gbé irú ẹ́ńjìnnì olómi bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́. Bí a ṣe so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì kò le. Tọ́nà gé irin pẹlẹbẹ kan tí ihò rẹ̀ bá ti ẹ́ńjìnnì àti ti gíábọ́ọ̀sì mu, ọ̀rọ̀ bùṣe. Rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, ni ìjọ̀ngbọ̀n.

Mẹkáníìkì mi ní ká gbé e sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí hóòsì má bàa gùn. Mo gbà, torí owó. Láti Sángo dé Mọ́kọ́lá, abẹ́rẹ́ géèjì ti wọ pupa. Inú ihò kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ooru tí ẹ́ńjìnnì bá tú jáde ni rédíétọ̀ ń fà símú. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ò sì dé ibẹ̀.

La bá kó o wá síwájú, sábẹ́ ibi tí sípíà táyà ń wà. Imú Ìjàpá ò lẹ́nu, pánẹ́ẹ̀lì bítà ní láti la ibì kan fún un lábẹ́ bọ́ńpà. Rédíétọ̀ Golf tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 52 wọ ibẹ̀ nígbà tí a dá a dùbúlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni atẹ́gùn. Tó bá ti rí àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ibẹ̀ ló máa gbà, kò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti kọjá láàárín àwọn ewé irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. A fi páànù àti fóòmù dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kí èyí tó bá wọlé lè ríbi jáde. Dídí yẹn nìkan ṣe mí láǹfààní ju fáànù tuntun tí mo náwó lé lọ.

Páìpù méjì ló wá ń ti iwájú lọ sẹ́yìn lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní mítà mẹ́ta, inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 32. Mo ní kí wẹ́dà ká etí wọn síta, kí hóòsì lè rí nǹkan dì mú. Ó ní kílíìpù ti tó. Ìtòsí Mọ́níyà, lọ́nà Ọ̀yọ́, ni hóòsì ti bọ́, gbogbo omi gbígbóná dà sí títì. Omi yẹn ò dà bíi ti ìkòkò. Ìdérí ti há a mọ́, ìdí nìyẹn tó fi lè gbóná kọjá dígírì 100 láìhó, ṣùgbọ́n ibi tí yóò gbà sá ló ń wá.

Ẹ wá wò ó, afẹ́fẹ́ tó ti ń tọ́jú Ìjàpá látọjọ́ tó ti dáyé ló tún fẹ́ pa á. A da omi sí i títí ó kún, a tan ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì gbóná bí iná, rédíétọ̀ iwájú tutù nini. Omi ò dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi ń pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, mo ra wọ́tà pọ́ńpù tuntun lásán. Àgbà mẹkáníìkì kan tó ti tún bọ́ọ̀sì Volkswagen olómi ṣe rí, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn tí rédíétọ̀ wà níwájú, ló yọ wá. Ó ní ká fi jáàkì gbé imú ọkọ̀ sókè, ká fi nọ́ọ̀tì kékeré kan sí òkè rédíétọ̀ pátápátá, ká tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ká sì máa da omi sẹ́yìn. Ó sín, ó tutọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú kí omi tó ń jáde geere. Ìdajì kẹ́ẹ̀gì tún wọ inú ọkọ̀ tí a ti ní ó kún!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ thermostat yín dànù, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Mẹkáníìkì mi ti ju tèmi nù kí n tó dé, ó ní ilẹ̀ wa gbóná. Ti Golf yìí, ní dígírì 87 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, bó sì ṣe ń ṣí ló ń dí ojú ọ̀nà kékeré tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Yọ ọ́ kúrò, ojú ọ̀nà yẹn á ya sílẹ̀, omi tí kò tutù á kàn máa yí po. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ìwó Road ló là mí lóye.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Peugeot 504 ni tèmi, ẹ bá wa sọ fún Bàbá pé a gbọ́ o. Ẹ́ńjìnnì Toyota Hiace la gbé sí i. Fáànù ara rẹ̀ fẹ́ máa họ rédíétọ̀, a yọ ọ́, a fi oníná sí i. Tí mo bá dúró, kò gbóná. Tí mo bá sáré ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, abẹ́rẹ́ á gòkè. Tí mo bá wá páàkì tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, n kò ní rí nǹkan kan. Oṣù mẹ́ta gbáko! Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ tẹná mọ́ ọn lójú mi ni mo rí i: hóòsì ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀ bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tọ́mọdé fà mu tán. Wọ́tà pọ́ńpù ló ń fà á. Hóòsì rírọ̀ la gé síbẹ̀, kò ní sípíríìnì nínú. A ki sípíríìnì bọ̀ ọ́, ó tán.

* * *

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti Leeds. MGB, ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni tèmi, ẹ́ńjìnnì V8 ti Rover ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fúnra wọn ta irú rẹ̀ láàárín 1973 sí 1976, wọ́n sì ti rédíétọ̀ síwájú kí ẹ́ńjìnnì lè ráyè. Mo wo tiwọn kọ́, mo fi fáànù oníná méjì sí i. Ó ṣì ń gbóná, nílùú tí èèyàn ti ń wọ kóòtù! Ìyàwó mi ló mú bébà kan sún mọ́ iwájú rédíétọ̀. Dípò kí bébà lẹ̀ mọ́ ọn, ńṣe ló fò lọ. Mo ti so wáyà fáànù sódì, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń bá jà. Obìnrin yìí ò tíì jẹ́ kí n gbádùn títí dòní.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gun ún?

* * *

Wọ́n ti gun ún. Ọ̀yọ́ la lọ lọ́jọ́ Sátidé, a lọ a bọ̀, abẹ́rẹ́ ò kọjá àárín. Nígbà tí a délé, wọ́n yí ọkọ̀ po, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu tuntun tí a là fún un. Wọ́n wá rí kẹ́ẹ̀gì omi tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn àga.

Wọ́n ní, "Ṣé odò lo ń lọ ni?"