Lẹ́kì tàbí etíkun Ìlàjẹ: níbo ni kí a kó àwọn ọmọ lọ wo ẹyẹ omi?

Ìyá Ìbejì (Àkúrẹ́):
Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Àwọn ọmọ wa yóò gba ìsinmi Kérésìmesì láìpẹ́, èmi àti bàbá wọn sì ti pinnu pé a kò ní fi gbogbo rẹ̀ jókòó sí Àkúrẹ́ lọ́dún yìí. Àkọ́bí wa, ọmọ ọdún 11, ti di ẹni tí ń tọ ẹyẹ kiri pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù: ó mọ ẹ̀gà tí ń hun ìtẹ́ sórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa, ó mọ àwòdì, ó sì ń dá àdàbà mọ̀ yàtọ̀ sí ẹyẹlé láti òkèèrè. Ẹyẹ omi ni kò tíì rí. Bàbá rẹ̀ ní kí a lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹranko ní Lẹ́kì. Èmi ní, ṣé Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní òkun ni, tí a ó fi máa lọ sí Èkó? Èwo ni ẹ rò pé ó yẹ, kí sì ni a nílò kí ó má baà jẹ́ pé ìdí ẹyẹ nìkan ni a ó máa rí bí wọ́n ti ń fò lọ? Ẹ rántí pé àwọn ìbejì wà pẹ̀lú wa, wọn kò sì mọ bí a ti ń dákẹ́.

Olùkọ́ (Oǹdó):
Ìyá Ìbejì, àsìkò tí ẹ mú dára ju ìsinmi gígùn ìgbà òjò lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹyẹ etí omi tí ń pamọ ní Yúróòpù máa ń sá fún òtútù wá sọ́dọ̀ wa láti bí oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í padà títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin.

Ọgbà Lẹ́kì, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990, fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, irà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Afárá orí igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401 ni gbogbo ènìyàn ń sáré lọ gùn. Ó dára fún fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹyẹ wo ni yóò dúró sáàárín èrò ọdún? Ọ̀nà onípákó tó gba orí irà kọjá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀.

Níbikíbi tí òṣíbàtà bá ti bo omi, yálà níbẹ̀ tàbí ní Ìlàjẹ, ẹ wá ẹyẹ kan tí ara rẹ̀ pọ́n bí obì, tí iwájú ọrùn rẹ̀ funfun, tí iwájú orí rẹ̀ sì ní àwọ̀ aró. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ìwúwo ara rẹ̀ pín sórí ewé, kò sì ní rì. Akọ ni ó ń sàba lórí ẹyin tí ó sì ń tọ́ ọmọ. Bí ewu bá dé, á kó wọn sábẹ́ apá, ẹ ó sì rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà tí ó rọ̀ dirodiro sísàlẹ̀ bí ó ti ń bá wọn lọ.

Ọmọ Ìlàjẹ:
Olùkọ́ ti sọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ilé wa. Etí òkun wa lágbègbè Màhín kì í ṣe iyanrìn bíi ti Èkó, ẹrẹ̀ ni. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò tẹ́ ẹní sí kò ní fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ nínú ẹrẹ̀ yẹn ni akàn kéékèèké àti àwọn kòkòrò tí ẹyẹ ń jẹ wà. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, àwọn ẹyẹ a ya bò ó: èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ sísàlẹ̀ a máa ti ẹnu bọ ihò akàn, èyí kékeré tí ń mi ìdí láìsinmi a máa rìn létí omi. Bí òkun bá kún, wọn a kóra jọ sórí ilẹ̀ tó ga, wọn a sì máa tòògbé lórí ẹsẹ̀ kan. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ní èbúté Ìgbókòdá ìgbà tí omi yóò fà kí ẹ tó dá wákàtí ìrìn yín, nítorí pé ó máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́.

Kí ọmọ yín má sì pe gbogbo ẹyẹ funfun ní lékeléke o. Lékeléke tí ń bá màlúù rìn, ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Ìkejì rẹ̀ kan wà létí omi tí ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, tó jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹsẹ̀ yẹn ni ó fi ń ro ẹrẹ̀ kí ẹja lè yọ jáde. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò bá ní ẹ̀wù ìléfòó tó bá ọmọdé mu. Ẹ má sì lọ sí Ayétòrò bí ẹni ń lọ síbi ìgbafẹ́. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀, ìdààmú wọn kì í ṣe ìran.

Awòyẹ (Àkúrẹ́):
Ọ̀rọ̀ awò tí ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni ni tèmi. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ni kí ẹ rà: 8 ni iye ìgbà tí ó ń mú nǹkan súnmọ́ni, 42 ni fífẹ̀ dígí iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Èyí tí wọ́n kọ 10 sí máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọmọdé, pàápàá nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wa áàpù Merlin, tí ń bá ni dá ẹyẹ mọ̀, sórí fóònù láti ilé, ọ̀fẹ́ ni, pẹ̀lú àkójọ ẹyẹ agbègbè wa, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí lórí omi. Ìwé tí ọmọ yín ń kọ náà wúlò: Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti fi ó kéré tán wákàtí 2 kọ ẹyẹ sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí wọn tẹ̀ léra. Ní ti àwọn ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n ké “Lékeléke, bá mi léékánná” títí ó fi sú wọn kí ẹ tó dé èbúté.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Bàbá wọn ti gbà: Ìgbókòdá ni a ń lọ. Ọmọ Ìlàjẹ, ṣé a lè rí ọkọ̀ kan háyà fún ara wa nìkan?

Ọmọ Ìlàjẹ:
Ó wà, ẹ sáà dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé. Kí ẹ sì sọ fún awakọ̀ ṣáájú pé ẹyẹ ni ẹ wá wò, kí ó lè máa paná ẹ́ńjìnnì bí ẹ bá ti súnmọ́ wọn; bí ẹ kò bá sọ ọ́, eré ni yóò máa bá yín sá.