Èsì ìṣirò mi ti dúró sójú kan

Mo bi yín tẹ́lẹ̀ pé kí ló dé tí ètò kọ̀ǹpútà kan náà, lórí dátà kan náà, fi ń fún mi ní èsì tó yàtọ̀ síra nígbàkúùgbà tí mo bá pín iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ prosẹ́sọ̀ (ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò). Nọ́ńbà onídẹ́símà oníbíìtì 64 (ìyẹn, èyí tí kọ̀ǹpútà fi àyè 64 tó ń gba 0 tàbí 1 pamọ́) kò gbà ju bíi dígíìtì 16 lọ. Nítorí náà, èérún díẹ̀ máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú ìròpọ̀, bí ìtẹ̀léra ìròpọ̀ bá sì yí padà, torí pé àwọn prosẹ́sọ̀ kì í fìgbà gbogbo parí iṣẹ́ wọn ní ìtẹ̀léra kan náà, ohun tó bọ́ yóò yí padà. Ọ̀nà tí William Kahan, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1965, èyí tó ń ṣa èérún wọ̀nyẹn jọ padà sínú àròpọ̀, ni mo lò. Àwọn èsì náà ti bára mu wàyí, àmì tín-ín-rín tí mo ń wá kiri fún ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi sì hàn kedere nínú gbogbo wọn. Ayọ̀ mi pọ̀ gan-an! Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ojúgbà mi. Mo ti rí ìdáhùn.