Ṣé kí n fi Askarov gba Hellebuyck?

Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ kú ilé o. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni pààrọ̀ máa parí, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Winnipeg ló fà mí wọ fantasy họ́kì orí yìnyín: kálukú á yan eléré gidi, ohun tí wọ́n bá ṣe nínú eré ló ń di máàkì fún un. Àwa méjìlá la wà níbẹ̀, a kì í tú ẹgbẹ́ ká lópin sáà: ẹni tó o bá ti ní, tìẹ ni. Èmi ni mo ni Yaroslav Askarov, aṣọ́lé San Jose. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e wá, kí n fi àyè tí mo fi máa yan ọmọ tuntun lọ́dún tó ń bọ̀ lé e, kóun fún mi ní Connor Hellebuyck, aṣọ́lé Winnipeg.

Ipò 11 ni ẹgbẹ́ Nashville ti yan Askarov ní 2020, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL, líìgì họ́kì tó ga jù, ń yan ọmọ tuntun ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Nígbà tí wọ́n fún Juuse Saros, aṣọ́lé wọn àgbà, ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ ní 2024, ọ̀nà dí mọ́ ọn, ló bá di èrò San Jose. Bí wọ́n bá ń gbá eré alẹ́ lọ́hùn-ún, ìdájí ni lọ́dọ̀ wa. Lásìkò ààwẹ̀, tí mo bá jí ṣe sààrì, tó sì wà láàrin ọ̀pá, oúnjẹ á tutù níwájú mi. Ọdún 2002 ni wọ́n bí i, 1993 ni Hellebuyck. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́:
Àbúrò, gbà á! Hellebuyck gba Vezina, ẹ̀bùn aṣọ́lé tó dára jù, ní 2020, 2024 àti 2025, ó tún gba Hart, ẹ̀bùn eléré tó wúlò jù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, mọ́ ọn ní 2025. Ìgbà 47 ló borí ní sáà 2024-25. San Jose ló gbẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ 32 ní sáà yẹn. Aṣọ́lé kì í dá eré borí.

Ará Àjàṣẹ́:
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ṣùgbọ́n aṣọ́lé máa ń pẹ́ kó tó gbó. Hellebuyck yìí náà, ipò 130 ni wọ́n ti yàn án ní 2012, ó di 2015 kó tó wọ NHL. Igor Shesterkin, aṣọ́lé New York Rangers, ipò 118 ní 2014, 2020 ló tó dé. Gbogbo ọdún yẹn, ẹni tó ni wọ́n ní fantasy ń dúró lásán ni. Ìwọ ti dúró ti Askarov, ọmọ Ọ̀fà. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ni kó wá kórè ni?

Mi ò ní kó o fọkàn sí ipò tí wọ́n ti yàn án o. Ipò 13 ni Florida ti yan aṣọ́lé Spencer Knight ní 2019, wọ́n sì ti gbé e fún Chicago ní 2025. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ipò tó o wà láàrin ẹ̀yin méjìlá, àti bí ẹ ṣe ń ka máàkì.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ipò kẹjọ. Bó bá borí, máàkì mẹ́rin. Puck (ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù) márùn-ún tó bá mú, máàkì kan. Gólì kan tó bá wọlé, wọ́n á yọ ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́:
Kẹjọ kẹ̀? Mo rò pé ẹ ti sún mọ́ ife ni. Ẹni tó wà ní ìkẹjọ, kí ló fẹ́ fi Hellebuyck ṣe lọ́dún yìí? Di ọmọ rẹ mú. Macklin Celebrini tí San Jose yàn ní ipò kìíní ní 2024 wà níwájú rẹ̀, ẹgbẹ́ yẹn ò ní máa gbẹ́yìn lọ báyìí.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ ṣeun, mà. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi pé mi ò ṣe. Ó ní òun á tún bi mí tó bá wálé Iléyá.