"Ìjìnlẹ̀ pápá" kọ́ ni depth of field o

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe depth of field, ìyẹn àyè tó ń mọ́ kedere nínú fọ́tò, ní "ìjìnlẹ̀ pápá" ní Yorùbá, ẹ ṣeun sà, mo mọ̀ pé ẹ ronú sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò lè ṣiṣẹ́. Ẹranko ni mo máa ń yà ní fọ́tò, tí n bá sọ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé "ìjìnlẹ̀ pápá kéré níbí", koríko ló máa wò, torí inú pápá náà la kúkú wà! Ìjìnlẹ̀ fúnra ẹ̀, ti kànga ni, ti ọgbọ́n ni, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Èyí tí à ń wí yìí, iwájú ẹni ló tẹ́ sí, láti ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ títí dé ibi tó ti padà di bàìbàì.

Ìdí tí mo fi fara mọ́ "àyè ìríkedere" nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gbé e dé ẹnu iṣẹ́ wò. Àwọn ọ̀bọ Lekki Conservation Centre, ká ní ọ̀kan jókòó ní mítà 10 sí mi, mo kọ lẹ́ńsì 400mm sí i lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ tóbi tó fíìmù 35mm), mo ṣí ojú ẹ̀ dé f/2.8 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), àyè ìríkedere ò ní ju bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ojú ẹ̀ á mọ́, ìrù ẹ̀ á ti di bàìbàì, ewé ẹ̀yìn ẹ̀ á sì yọ́ mọ́ra wọn. Tí mo bá dín ojú ẹ̀ kù sí f/8, á tó bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ á dín kù, abẹ́ igi ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Tí ọ̀bọ bá sún mọ́ mi, àyè yẹn á tún kéré sí i.

Ẹni tó ní ká pe aperture, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé nínú lẹ́ńsì, ní "ihò", mi ò gbà, "ojú lẹ́ńsì" ni, bí ojú abẹ́rẹ́. Nọ́ńbà ẹ̀ tó ń tẹ̀lé f/ máa ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú, wọ́n á ní ṣé 8 ò ju 2.8 lọ ni, àmọ́ pípín ni: ẹ fi 2.8 pín 400mm ti lẹ́ńsì yẹn, ojú ẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 143mm, ẹ fi 8 pín in, 50mm péré.

Lẹ́ńsì ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Awò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju àyè ìríkedere lọ, kó fi sínú gbólóhùn ọ̀bọ yẹn ká gbọ́ ọ.