Àbúrò mi fẹ́ gun ọ̀kadà orí yìnyín lọ sórí òkè ní Kánádà: kí ni ó yẹ kí n bi í?

Ọmọ Balógun, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Calgary, ní Kánádà, ti ra ọ̀kadà orí yìnyín tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní snowmobile. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ti ń múra láti gbé e lọ sórí àwọn òkè gíga tí ó wà nítòsí Revelstoke, ní ẹkùn British Columbia. Ìdílé ẹlẹ́ṣin ni ìdílé wa. Láti kékeré ni ó ti ń bá bàbá wa gun ẹṣin lọ síwájú Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nítorí náà ohun tí ó ń sáré kì í bà á lẹ́rù. Ohun tí ó ń ba èmi lẹ́rù ni yìnyín tí wọ́n ní ó máa ń ya kúrò lára òkè lójijì, tí ó sì máa ń bo ènìyàn mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní ariwo ni ó máa ń fà á, pé ẹ́ńjìnnì ti òun kò sì ní ariwo púpọ̀, àti pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, hẹlikọ́pítà yóò wá gbé àwọn. Ìyá wa kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí ó ti gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ni ó yẹ kí n bi í kí ọkàn mi tó lè balẹ̀ pé ó mọ ohun tí ó fẹ́ dáwọ́ lé?

Ará Ìperu

Ẹ kú àníyàn o. Mo gbé ní British Columbia fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà sí Ìperu, àwọn tí ó ń gun ẹ̀rọ yìí ni mo sì bá ṣe aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ariwo kúrò nílẹ̀, nítorí irọ́ tí ó ti tàn kálẹ̀ ni. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í ya yìnyín. Ìwúwo ni ó ń ya á, ẹ̀rọ náà nìkan sì lè tó 200 kílò tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tó ka ẹni tí ó jókòó lé e lórí. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ lára ìjàǹbá tí ó ń pa ènìyàn, ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n jọ jáde, ni ó ya á.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni yìnyín ti ń bọ́ lé ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Oòrùn á mú ojú ìpele kan le, òtútù á sọ òmíràn di hóró-hóró tí kò so mọ́ra, ìjì á sì tún kó púpọ̀ wá lé wọn lórí. Bí ìpele tí ó le bá wà lórí èyí tí kò so mọ́ra, ó dà bí ẹní tí a tẹ́ lé àgbàdo gbígbẹ lórí ilẹ̀ tí ó dagun: ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ tẹ etí kan, odindi ẹní ni yóò bá a lọ. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, lè ya èyí tí ó wà lókè orí rẹ̀.

Àwọn ibi tí ó dagun tó ìwọ̀n 30 sí 45 dígírì ni yìnyín ti ń ya jù, pàápàá ní àyíká 38. Níbi tí kò bá tó 30, kò wọ́pọ̀. Wàhálà tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n tí ó léwu yìí gan-an ni ó dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ jù. Eré kan wà tí wọ́n máa ń ṣe, tí oníkálukú á gun ògiri òkè lọ títí ẹ́ńjìnnì kò fi ní lè gòkè mọ́, kí ó tó yípo padà. Ẹni tí ojú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ bá ga jù ni ó borí. Mo rí i pé ẹ mẹ́nu kan Ojúde Ọba. Ẹni tí ó ti mọ adùn kí òǹwòran máa pariwo orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ dáadáa nípa eré yẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2010, ní Boulder Mountain lẹ́bàá Revelstoke kan náà, nǹkan bí 200 ènìyàn ni ó péjọ síbi irú eré bẹ́ẹ̀ nígbà tí òkè ya lé wọn lórí. Ènìyàn méjì kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ó máa ń ka ìkìlọ̀ tí àjọ Avalanche Canada ń gbé jáde kí ó tó kúrò nílé? Revelstoke ni ọ́fíìsì wọn wà. Ìpele ewu márùn-ún ni wọ́n ń lò, láti 1 dé 5. Àwọn ènìyàn máa ń sá fún 4 àti 5, ṣùgbọ́n ìpele 3 ń pa ènìyàn púpọ̀, nítorí ó wà láàárín, ojú ọ̀run lè mọ́ rekete lọ́jọ́ náà, olúkúlùkù á sì rò pé kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ní ìpele yẹn, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ènìyàn fi ìwúwo ara rẹ̀ ya yìnyín.

Ìbéèrè kejì: ṣé ó mọ àmì tí òkè ń fi hàn? Bí yìnyín tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ púpọ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bí ìjì bá ti ń gbé e láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì, bí ojú ọjọ́ bá ṣàdédé móoru, bí ilẹ̀ bá dún gbùù lábẹ́ ẹ̀rọ tàbí tí ó là síwájú rẹ̀, kí ó yí padà.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù

Ẹ ṣeun, Ará Ìperu. Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí ti hẹlikọ́pítà, torí ibẹ̀ ni ìrètí àbúrò wa ti ń tàn án jẹ. Lára àwọn tí yìnyín bò pátápátá, bí wọ́n bá gbé wọn jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó máa ń yè. Bí ó bá fi máa pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nǹkan bí mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá ni ó kù. Èémí tí ènìyàn mí jáde ni ó ń fà padà sínú, ẹnu àti imú á dí, yìnyín tí ó ti dúró sì máa ń le débi pé ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní lè mi ìka. Àwọn kan kì í tilẹ̀ dúró de èyí: ní Kánádà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí ó kú ni igi àti àpáta ti pa kí èémí wọn tó tán.

Hẹlikọ́pítà wo ni yóò gbéra, tí yóò wá wọn kiri, tí yóò rí ibi tí yóò bà sí, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Àwọn tí wọ́n jọ jáde nìkan ni olùgbàlà rẹ̀. Bí wọ́n bá hú u jáde, ẹnu àti imú ni kí wọ́n kọ́kọ́ nù, kí wọ́n sì fún un ní èémí bí kò bá mí, kí wọ́n tó ronú kan ohunkóhun mìíràn.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni gbogbo àlàyé yìí wà fún? Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kí ó ta ẹ̀rọ náà. Kí ni ọmọ Ìjẹ̀bú ń wá lórí òkè yìnyín?

Ará Ìperu

Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ yín kò ṣé kó dànù. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni ọkùnrin náà, bí a bá ní kí ó tà á, yóò kàn yé sọ ibi tí ó ń lọ fún wa ni. Mo fara mọ́ kí a fi ọ̀nà tí kò léwu hàn án: ọ̀nà inú igbó àti pápá tí ó tẹ́jú, tí kò sí lábẹ́ òkè dídagun, pọ̀ níbẹ̀, ènìyàn sì lè fi odidi ọjọ́ gbádùn ara rẹ̀ lórí wọn.

Bí ó bá gòkè, ohun mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ wọ́n lára ẹnikẹ́ni nínú wọn: ẹ̀rọ kékeré transceiver tí ó ń fi àmì ránṣẹ́ lórí 457 kHz, ọ̀pá gígùn tí ó ṣeé ká tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá ènìyàn, àti ṣọ́bìrì irin. Ara ni kí wọ́n wà, kí a de transceiver mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ òkè, kí ọ̀pá àti ṣọ́bìrì wà nínú báàgì ẹ̀yìn, nítorí ọ̀kadà lè bá yìnyín lọ pẹ̀lú ohun tí a dè mọ́ ọn. Kí fóònù jìnnà sí transceiver pẹ̀lú, nítorí ó máa ń da àmì rẹ̀ rú. Báàgì afẹ́fẹ́ tí ó ń wú sẹ́yìn ènìyàn dára, ó ń dín ikú kù, ṣùgbọ́n kò lè gbani lọ́wọ́ igi àti ọ̀gbun, ẹni tí kò bá sì rí okùn rẹ̀ fà, lásán ni ó gbé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ jù ni pé ẹnìkan ṣoṣo ni kí ó wà lójú òkè nígbà kan. Kí àwọn yòókù dúró síbi tí yìnyín kò lè dé, kí wọ́n kọjú ẹ̀rọ sí ọ̀nà àbájáde, kí wọ́n sì máa wo ẹni tí ó ń gòkè. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá rì, kí ẹnikẹ́ni má gòkè lọ ràn án lọ́wọ́. Kí ó fúnra rẹ̀ wú u jáde. Inú rere ni ó ń kó ènìyàn méjì sí abẹ́ yìnyín kan ṣoṣo. Lẹ́bàá Fernie, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ọkùnrin mọ́kànlá ni ó jáde. Yìnyín bo àwọn kan, àwọn yòókù sì ń hú wọn lọ́wọ́ nígbà tí òmíràn tún ya lé wọn lórí. Mẹ́ta péré ni ó padà sílé.

Ọmọ Balógun, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Bàbá Ìkẹ́nnẹ́ náà. Mo pè é lánàá, mo sì ka àwọn ìbéèrè yìí sí i létí. Òun ti ní transceiver, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ jọ lọ kò ní, wọ́n sọ pé ìdí ẹni tí ó ní i ni àwọn yóò máa tẹ̀ lé. Òun pàápàá kò tíì fi tirẹ̀ wá nǹkankan rí. Ṣé èyí tó?

Ará Ìperu

Rárá, kò tó. Ẹni tí kò ní transceiver, kò sí ẹni tí yóò lè rí i kíákíá bí yìnyín bá bò ó, òun náà kò sì ní lè wá àbúrò yín. Àwọn ilé ìtajà ní ìlú ẹsẹ̀ òkè máa ń fi í háyà, nítorí náà kò sí àwáwí owó. Ẹ ní kí wọ́n fi ọjọ́ kan rì í sínú báàgì mọ́lẹ̀ lórí pápá, kí wọ́n máa wá a, títí olúkúlùkù yóò fi rí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AST 1, èyí tí ó máa ń gbà tó ọjọ́ méjì, tí wọ́n sì ń ṣe èyí tí ó wà fún àwọn ẹlẹ́rọ yìnyín nìkan lọ́tọ̀. Títí wọn yóò fi ṣe é, ọ̀nà inú igbó ni kí wọ́n máa gùn. Ẹ tún gba orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ àti aago tí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń jáde, kí ó sì fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnìkan ní Calgary tí ó lè pe ọlọ́pàá ibẹ̀ bí aago náà bá kọjá.